Báípáàsì ọkàn: ṣé ẹ̀rọ ló ń da ìrántí aláìsàn rú, àbí nǹkan mìíràn?

Nọ́ọ̀sì_Kubwa

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá wa. Ní Àbújá níbí, bí ẹbí aláìsàn bá ti gbọ́ pé báípáàsì ni wọ́n fẹ́ ṣe (iṣẹ́ abẹ tí wọ́n fi ń rán òpó tuntun gba ẹ̀gbẹ́ ibi tó dí lára òpó ọkàn), ìbéèrè tó máa ń kọ́kọ́ bọ́ lẹ́nu wọn ni pé: “Ṣé wọ́n máa dá ọkàn bàbá wa dúró ni? Wọ́n ní iyè ẹni tó bá ti dé orí ẹ̀rọ yẹn, èyí tó ń ṣe iṣẹ́ ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró, kì í jí pépé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́.” Àwọn mìíràn tiẹ̀ ti pinnu láti ilé pé dókítà tó bá máa ṣe é láìlo ẹ̀rọ, tí ọkàn á máa lù lọ, nìkan ni àwọn máa gbà.

Ìyàtọ̀ wo gan-an ló wà láàárín méjèèjì ní ti ọpọlọ? Kí ló ń ṣe ọpọlọ léṣe nínú tíátà? Báwo la sì ṣe lè yẹ ìrántí àgbàlagbà wò kó tó wọlé, nígbà tí ọ̀pọ̀ wọn ò kàwé, tí ìbéèrè tó wà lọ́wọ́ wa sì jẹ́ Gẹ̀ẹ́sì? Irú aláìsàn tí mò ń sọ ni ẹni tó ti lé ní 70 ọdún, tí òpó ẹ̀jẹ̀ 3 ti dí lára ọkàn rẹ̀, tó ní àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru, Yorùbá tó ti ń gbé ní Kàdúná tàbí Suleja láti ìgbà ọ̀dọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fi nọ́ńbà sí i. Nọ́ńbà ni àwọn ọmọ aláìsàn máa ń fẹ́ gbọ́.

Alábẹ_Àyà

Nọ́ọ̀sì, ẹ kú ìtọ́jú. Ìbẹ̀rù yẹn ní ibi tó ti wá. Ní 2001, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà gbé àbájáde èèyàn 261 jáde, gbogbo wọn ni wọ́n ṣe báípáàsì fún lórí ẹ̀rọ. Nígbà tí wọ́n ń lọ sílé, 53 nínú 100 ni ìdánwò ọpọlọ wọn ti rẹ̀yìn. Ní ọ̀sẹ̀ 6 ó di 36, ní oṣù 6 ó di 24. Nígbà tó wá pé ọdún 5, ó tún gòkè padà sí 42. Nọ́ńbà 42 yìí ló tàn ká ayé tí gbogbo èèyàn fi ń sá fún ẹ̀rọ.

Àmọ́ ìwádìí yẹn kò fi àwọn tí òpó ọkàn wọn dí bákan náà, tí wọn kò sì ṣe iṣẹ́ abẹ, sí ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè fi wéra. Àwọn ará Yunifásítì Johns Hopkins, ní Amẹ́ríkà náà, ló wá ṣe ìyẹn. Wọ́n tẹ̀lé oríṣi aláìsàn méjèèjì fún ọdún púpọ̀, bí ìrántí àwọn tó ṣe iṣẹ́ abẹ ṣe ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ ni ti àwọn tí kò ṣe é náà ń lọ sílẹ̀. Ohun tó dí òpó ọkàn ń dí òpó kéékèèké inú ọpọlọ pẹ̀lú, àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sinmi torí pé wọ́n la àyà èèyàn.

Ní ti pẹ̀lú ẹ̀rọ àti láìlo ẹ̀rọ, àwọn ará Netherlands pín èèyàn 281 sí méjì bí ẹni tó ṣẹ́ kèké. Ní oṣù 3, àwọn tó rẹ̀yìn jẹ́ 21 nínú 100 láìlo ẹ̀rọ, 29 pẹ̀lú ẹ̀rọ. Ní ọdún kan, 30.8 àti 33.6. Ní ọdún 5, ẹ jọ̀ọ́ ẹ wo èyí dáadáa: 50.4 ní apá kan, 50.4 ní apá kejì. Ìwádìí mìíràn tí wọ́n ṣe fún èèyàn 2,203 ní ilé ìwòsàn àwọn ajagunfẹ̀yìntì Amẹ́ríkà, tó jáde ní 2009, kò rí ìyàtọ̀ kankan nínú ọpọlọ lẹ́yìn ọdún kan, ṣùgbọ́n ó rí i pé òpó tuntun tí wọ́n rán ṣì là sílẹ̀ ní 87.8 nínú 100 fún àwọn tó lo ẹ̀rọ, 82.6 fún àwọn tí kò lò ó. Nítorí náà, ẹbí tó bá ní “ẹ má lo ẹ̀rọ, torí ìrántí ni”, ọjà tí wọ́n fẹ́ rà kò sí lórí àtẹ, wọ́n sì lè torí rẹ̀ pàdánù òpó tó yẹ kó pẹ́.

Ibì kan wà tí mo ti máa ń yà sí ọ̀nà láìlo ẹ̀rọ láìwẹ̀yìn: áọ́tà tó ti le bí èèpo ẹyin. Áọ́tà ni òpó ńlá tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ jáde láti inú ọkàn. Bí a bá máa lo ẹ̀rọ, a máa gún un láti ti páìpù bọ̀ ọ́, a máa fi irin dì í mú, lẹ́yìn náà a máa dá ihò sí i láti rán òpó tuntun mọ́ ọn. Bí ògiri inú rẹ̀ bá ti ní ọ̀rá tó gbẹ, ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a bá fọwọ́ kàn án ni èérún máa ń já bọ́, ibi tí ẹ̀jẹ̀ sì ń sáré lọ jù lẹ́yìn ibẹ̀ ni ọpọlọ. Ọwọ́ lásán kì í mọ èyí tó rọ̀ nínú ọ̀rá náà. Èyí tó le bí òkúta nìkan ni ìka ń bá pàdé, èyí tó rọ̀ ló sì ń tètè já. Ẹ̀rọ àwòrán tí wọ́n ń gbé lé orí áọ́tà gan-an lẹ́yìn tí àyà ti là ló ń fi í hàn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà. Bí ó bá burú, mo máa lo òpó méjèèjì tó wà lẹ́yìn igbá àyà, tí orí wọn ṣì so mọ́ ibi tí Ọlọ́run so wọ́n sí, mi ò sì ní fọwọ́ kan áọ́tà rárá. Ìyẹn ni ọ̀nà láìlo ẹ̀rọ tó ń dín rọpárọsẹ̀ kù ní tòótọ́. Ṣíṣe é láìlo ẹ̀rọ, kí a sì tún fi irin dì áọ́tà lẹ́gbẹ̀ẹ́ láti rán òpó, ìdajì àǹfààní ti lọ.

Bí ó bá sì jẹ́ orí ẹ̀rọ la ti ń ṣe é, kí a dì í lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí a rán òpó ti ìsàlẹ̀ àti ti òkè tán kí a tó tú u.

Onípọ́ǹpù_Kánò

Ọ̀rọ̀ ọ̀gá wọlé. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi láti ẹ̀yìn ẹ̀rọ, torí ẹ̀rọ kan náà lè kẹ́ ọpọlọ, ó sì lè fìyà jẹ ẹ́.

Ooru ni mo fi ṣíwájú. Bí a bá ti mú ara tutù sí 32, ewu ibẹ̀ kò tó ti kíkánjú mú un gbóná padà. Dókítà ti rán òpó tán, gbogbo èèyàn fẹ́ parí, wọ́n á ní “mú un gbóná”. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti inú ẹ̀rọ ń kọ́kọ́ dé ọpọlọ kó tó dé ibòmíràn. Tẹmómítà tó wà nínú àpòòtọ̀ lè ṣì máa ka 35 nígbà tí ọpọlọ ti gbóná ju bó ṣe yẹ lọ. Ìlànà tí àwọn ẹgbẹ́ oníṣẹ́ abẹ àyà, àwọn akunnilóorun ọkàn àti àwa oníẹ̀rọ ní Amẹ́ríkà jọ gbé jáde ní 2015 ni kí ẹ̀jẹ̀ tó ń jáde láti oxygenator (apá ẹ̀rọ tó ń fi atẹ́gùn sínú ẹ̀jẹ̀) wà lábẹ́ 37, pé bí ó bá sì ti di 30 sókè, kí gbígbóná má ju ìdajì digíríì lọ ní ìṣẹ́jú kan. Láti 32 dé 36, kò gbọ́dọ̀ dín ní ìṣẹ́jú 8. Ẹni tó ń sáré ṣe é ní ìṣẹ́jú 4 ń se ọpọlọ ni.

Lẹ́yìn náà ni afẹ́fẹ́. Asẹ́ tó wà lójú ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ máa ń ní ojú 40 micron (micron kan jẹ́ ìdá kan nínú 1,000 mìlímítà), ìhó tó kéré jù bẹ́ẹ̀ ń gbabẹ̀ kọjá, òpó tó kéré jù nínú ọpọlọ kò sì fẹ̀ tó 10. Nítorí náà, kí ìhó má wọlé rárá ló dára. Ibi tí wọ́n ti ń wọlé kò pamọ́:

Síríńjì tí a kò lé afẹ́fẹ́ orí rẹ̀ dànù kí a tó ti oògùn sínú ẹ̀rọ. Gbogbo ìgbà tí a bá fa ẹ̀jẹ̀ láti yẹ̀ ẹ́ wò tàbí ti oògùn, ìhó ń pọ̀ sí i, nítorí náà ẹ kó oògùn jọ, ẹ má máa tì í wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Òwú tí wọ́n fi dì páìpù tó ń fa ẹ̀jẹ̀ jáde lára ọkàn, bí kò bá fún, afẹ́fẹ́ á máa bá a wọlé, ẹ máa gbọ́ ọ bí ẹni ń fi ẹnu fa omi ẹlẹ́rìndòdò tó ti ń tán. Ìkòkò ẹ̀jẹ̀ ẹ̀rọ tó lọ sílẹ̀ jù, èyí ló burú jù, torí ìṣẹ́jú-àáyá ló kù kí afẹ́fẹ́ dé orí aláìsàn. Agogo ìkìlọ̀ rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títàn kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀jẹ̀ tí a fa látinú àyà tún wà. Ọ̀rá egungun àyà ló kún inú rẹ̀. Bí a bá dà á padà sínú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀, ọ̀rá náà ń gba inú asẹ́ kọjá torí ó máa ń rọ̀, ó máa ń yí ara padà. Fífọ̀ ọ́ kí a tó dá a padà ni mo fara mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn ìwádìí kò fẹnu kò lórí bí ìyẹn ṣe ń ran ìrántí lọ́wọ́ tó.

Omi tí a fi kún ẹ̀rọ ń sọ ẹ̀jẹ̀ di olómi, àwọn ìyá kéékèèké wa ló sì ń ṣe jù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ìyá tó wọn kílò 50, ẹ̀jẹ̀ ara rẹ̀ tó nǹkan bíi lítà 3.25, PCV rẹ̀ (ìdá tí sẹ́ẹ̀lì pupa kó nínú 100 ẹ̀jẹ̀) jẹ́ 33. Fi lítà 1.4 ti ẹ̀rọ kún un, PCV ti di 23 kí ọ̀bẹ tó kan òpó kankan lára ọkàn. Bí a bá jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ ìyá fúnra rẹ̀ ti ìdajì lítà omi yẹn jáde kúrò nínú rọ́bà kí a tó bẹ̀rẹ̀, 26 la máa bá. Ìyàtọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré fún ọpọlọ tó ń jẹ atẹ́gùn.

Ní ti ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ lórí ẹ̀rọ, ọ̀pọ̀ gbà pé bí ó bá ti ga, ọpọlọ bọ́. Ní Denmark, ní 2018, wọ́n fi èèyàn 197 dán an wò, àwọn kan ní 40 sí 50, àwọn kan ní 70 sí 80. Àwòrán MRI fi ojú egbò kéékèèké hàn nínú ọpọlọ ju ìdajì èèyàn lọ ní apá méjèèjì, ìyàtọ̀ kò sí. Ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ ní lítà 2.2 sí 2.4 fún mítà ara kọ̀ọ̀kan lóníhà mẹ́rin ní ìṣẹ́jú kan ni kí ẹ dúró lé lórí.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Àríwá, ẹ mọ ọ̀rọ̀ iná. Kí ẹ yẹ bátìrì ẹ̀rọ wò ṣáájú aláìsàn kọ̀ọ̀kan, kí ọ̀pá tí a fi ń fọwọ́ yí i sì wà lára ẹ̀rọ, kì í ṣe inú kọ́bọ́ọ̀dù. Ọfà tó wà lára rẹ̀ ló ń sọ apá ibi tí a ó yí i sí. Ẹni tó bá yí i sẹ́yìn nínú òkùnkùn ń fa ẹ̀jẹ̀ kúrò lára aláìsàn ni.

Akunnilóorun

Ẹ kú àlàyé. Mo fẹ́ fi ohun kan kún un fún àwọn tó rò pé láìlo ẹ̀rọ kò ní ewu fún ọpọlọ. Láti dé òpó tó wà lẹ́yìn ọkàn, wọ́n máa gbé ọkàn sókè kúrò ní ipò rẹ̀. Ìfúnpá á já. A á wá dorí bẹ́ẹ̀dì kodò kí ẹ̀jẹ̀ lè padà sọ́kàn. Níbẹ̀ ni nọ́ńbà ń tan èèyàn: ẹ̀rọ ka 60, gbogbo wa sinmi. Ṣùgbọ́n ìfúnpá inú ìṣàn tó ń bọ̀ láti orí ti gòkè dé 20. Ohun tó ń ti ẹ̀jẹ̀ wọ ọpọlọ ni 60 yọ 20, ìyẹn 40 péré, fún ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru ti mọ́ ọpọlọ rẹ̀ lára láti ọdún 20. Bí rírán òpó yẹn bá gba ìṣẹ́jú 12, ìṣẹ́jú 12 ni ọpọlọ fi ń gbààwẹ̀.

Bí ẹ bá ní ẹ̀rọ tó ń wo atẹ́gùn ọpọlọ láti iwájú orí, ẹ kọ nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀ kí aláìsàn tó sùn. Bí ó bá fi ìdá 20 nínú 100 lọ sílẹ̀ sí ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wo ọrùn, bóyá orí ti yí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ìfúnpá, CO2 (35 sí 45), PCV. Ẹ sọ fún oníṣẹ́ abẹ kó gbé ọkàn sílẹ̀ ná.

Àti pé nínú ìwádìí ajagunfẹ̀yìntì tí ọ̀gá dárúkọ, nǹkan bíi 12 nínú 100 àwọn tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ láìlo ẹ̀rọ ló parí sórí ẹ̀rọ. Sísáré wọ orí ẹ̀rọ nígbà tí ọkàn ti ń dákẹ́ ló léwu ju gbogbo rẹ̀ lọ. Ẹ̀rọ gbọ́dọ̀ wà nítòsí, ní mímúra tán.

Nọ́ọ̀sì_Kubwa

Ọlọ́run á san yín lẹ́san. Ẹ jọ̀ọ́, èyí tó máa ń ṣẹlẹ̀ ní òru ọjọ́ kejì ńkọ́, tí bàbá á máa sọ kántankàntan, tí á fẹ́ fa rọ́bà àyà yọ, tí á ní òun ń lọ sóko? Ṣé ohun kan náà ni?

ICU_Gwagwalada

Rárá, ìyẹn yàtọ̀. Ọpọlọ tó dàrú lójijì ni, ó máa ń lọ sókè sódò láàárín ọjọ́ kan, ọ̀pọ̀ ló sì ń kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ má fojú kéré rẹ̀, torí àwọn tó bá ṣe ni ìrántí wọn máa ń pẹ́ kó tó padà. Èyí tí a kì í rí ni bàbá tó dákẹ́ jẹ́ẹ́, tó ń tẹjú mọ́ àjà, tí gbogbo èèyàn ń yìn pé kì í yọ wá lẹ́nu. Ẹ fi CAM-ICU, ìdánwò kúkúrú tí a fi ń mọ ọpọlọ tó dàrú, yẹ òun náà wò ní ṣíìfù kọ̀ọ̀kan.

Ẹ wá ìdí rẹ̀: atẹ́gùn, ṣúgà, sodium (iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀), ìtọ̀ tó há, ìrora, ibà, ọtí tó já lójijì (ẹni tó ń mutí tẹ́lẹ̀ tó ṣíwọ́ lẹ́ẹ̀kan náà). Ẹ sì wo ṣáàtì oògùn. Phenergan tí wọ́n ń fi kún abẹ́rẹ́ ìrora, Piriton, diazepam tí wọ́n ń fún un “kó lè sùn”, àwọn wọ̀nyí ló ń da orí àgbàlagbà rú jù ní wọ́ọ̀dù wa. Ẹ dá wọn dúró kí ẹ tó wá oògùn mìíràn. Ẹni tó jẹ́ pé ọtí tó já ló ń dà á láàmú nìkan ni irú diazepam yẹ fún.

Ohun kan tún wà tó jẹ́ ti ìlú wa. Bàbá Yorùbá jí láàárín òru, nọ́ọ̀sì ń bá a sọ Hausa, dókítà ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, gíláàsì ojú rẹ̀ wà nínú báàgì ọmọ rẹ̀ ní ìta, eyín àtọwọ́dá wà nínú ife. Ta ló máa mọ ibi tó wà? Ẹ fi gíláàsì sí i lójú, ẹ fi eyín sí i lẹ́nu. Ẹ jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ wọlé, kó sọ fún un ní Yorùbá pé: “Bàbá, ẹ kú ewu. Ilé ìwòsàn lẹ wà, ní Àbújá. Wọ́n ti ṣe iṣẹ́ náà tán. Òru Ọjọ́rú ni a wà yìí, ilẹ̀ á mọ́ láìpẹ́.” Kó tún un sọ bí bàbá bá tún jí. Ẹ pa iná ńlá ní òru, ẹ má jí i torí ìwọ̀n tó lè dúró, kó jókòó sórí àga lọ́sàn-án.

Bí ẹnu bá wọ́ sápá kan, tí ọwọ́ kan rọ, tí ọ̀rọ̀ sì há sí i lẹ́nu, ìyẹn ti kúrò ní ọ̀rọ̀ ọpọlọ tó dàrú, ẹ sáré gbé e lọ ya àwòrán orí, ìyẹn CT. Láàárín ọjọ́ 2 sí 4 ni ọkàn máa ń lù ségesège jù, ibẹ̀ ni ẹ̀jẹ̀ ti ń dì tó ń lọ bá ọpọlọ.

Onímọ̀_Ìrántí_Jos

Ní ti ìdánwò, ìbéèrè yín ló ṣe pàtàkì jù fún mi níhìn-ín. Láìsí ìdánwò ṣáájú, kò sẹ́ni tó lè sọ pé iṣẹ́ abẹ ló ba ìrántí jẹ́. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tó ní àtọ̀gbẹ ló jẹ́ pé iyè wọn ti ń ra kí wọ́n tó dé ọ̀dọ̀ yín, ọmọ tó ń pè lórí fóònù láti Èkó ni kò mọ̀.

MoCA, ìdánwò ìrántí tó wà nínú fáìlì yín, tí wọ́n ń fi 26 nínú 30 ṣe òdiwọ̀n, yóò sọ ìyá tó ń tajà ní Wuse láti 40 ọdún di aláìníyè, torí kò di pẹ́ńsù mú rí. Irinṣẹ́ wà fún wa. CSI-D, ìbéèrè tí wọ́n fi ń yẹ iyè àgbàlagbà wò, ni wọ́n lò ní Yorùbá nínú ìwádìí tí Ìbàdàn àti Indianapolis jọ bẹ̀rẹ̀ ní 1992. Ó ní apá aláìsàn, ó ní apá ẹbí: ṣé ó ń ṣìnà ládùúgbò, ṣé ó ń gbàgbé ibi tó kó nǹkan sí, ṣé ó ṣì ń ṣírò owó. Dípò àwòrán yíyà, àwọn ará Ìbàdàn lo igi ìṣáná: ẹ to igi náà sí ojú kan níwájú bàbá, kó to irú rẹ̀. Kò ní kí èèyàn mọ ìwé.

Bí ẹ bá fẹ́ èyí tó kúrú, ẹ ka ọ̀rọ̀ 10 fún un, kó dá wọn padà, ẹ ṣe é lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí ẹ tún bi í lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5. Ẹ yan ọ̀rọ̀ tí kò ní jọra létí ẹni tí kò gbọ́ràn dáadáa. Igbá àti ìgbá kò gbọ́dọ̀ wà nínú ìwé kan náà, ọkọ̀ àti ọkọ́ bákan náà. Ewúrẹ́, àtùpà, ilé, ọ̀bẹ, òjò, irú èyí dára. Lẹ́yìn náà, kó dárúkọ ẹranko ní ìṣẹ́jú-àáyá 60, kó ka ọjọ́ ọ̀sẹ̀ láti Sátidé padà sẹ́yìn, kó yọ 150 náírà kúrò nínú 1,000. Ẹ má jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣe ògbufọ̀, ọmọ á máa ràn án lọ́wọ́ láìmọ̀.

Ẹ ṣe é láàárín ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú. Ẹ má tún un ṣe ní ọjọ́ tó ń lọ sílé, torí ìrora, àìsùn àti oògùn ni ẹ máa wọ̀n. Ọ̀sẹ̀ 6 àti oṣù 3 ló dára, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ 10 mìíràn, kó má baà jẹ́ pé ti àkọ́kọ́ ló há sórí. Ẹ bi í nípa ìbànújẹ́ ọkàn pẹ̀lú, torí ẹni tí inú rẹ̀ bàjẹ́ máa ń dà bí ẹni tó gbàgbé.

Nọ́ọ̀sì_Kubwa

Ó yé mi wàyí. Ìkan péré ló kù: àwọn tó bá ti lọ sílé, tí ẹbí wá ń pè pé “orí bàbá ti tún dàrú” ní oṣù kejì?

Alábẹ_Àyà

Ẹ má tètè di ẹ̀rù náà lé iṣẹ́ abẹ. Ẹ ní kí wọ́n wọn ṣúgà lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Bàbá tó ń gbààwẹ̀ Ramadan tó ṣì ń lo glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ, bó ṣe ń lò ó tẹ́lẹ̀, ṣúgà rẹ̀ lè já ní ìrọ̀lẹ́, á wá máa sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mutí. Bí ó bá wà lábẹ́ 70 mg/dL, kó ṣínu lójú ẹsẹ̀, ṣíbí ṣúgà mẹ́ta nínú omi bí ó bá lè gbé e mì, kí wọ́n tún un wọ̀n lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ẹni tí kò lè gbé nǹkan mì, wọn ò gbọ́dọ̀ da ohunkóhun sí i lẹ́nu, ilé ìwòsàn ni.

Bí ṣúgà bá dára, kí wọ́n wọn ìfúnpá ní ìjókòó àti ní ìdúró. Nínú ooru oṣù kẹta àti ìkẹrin, oògùn tó ń mú èèyàn tọ̀ àti òógùn máa ń gbẹ omi ara wọn, sodium á sì lọ sílẹ̀. Kí wọ́n kó gbogbo oògùn tó wà nílé wá sí kílíníkì nínú ọ̀rá kan, àti èyí tí wọ́n rà ní kẹ́mísì.